Ìpìlẹ̀ onípákó fún grínháùsì ẹ̀yìnkùlé wa ní Jọ́ọ̀sì

Láti ìgbà tí ẹ ti rí tòmátì wa ni ìbéèrè kò ti dáwọ́ dúró. Gbogbo ènìyàn ló ń béèrè ọ̀rá: níbo lẹ ti rà á, eélòó ni, ṣé kì í tètè ya. Kò sẹ́ni tó béèrè ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìsàlẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Àwa ìdílé mẹ́ta tí a jọ ń gbé kọ́ńpáùn kan ti wá jókòó, a ní ká kọ bí a ṣe ṣe ìpìlẹ̀ náà sílẹ̀, àti ìdí tí a fi fi pákó ṣe é dípò búlọ́ọ̀kù.

Ẹni tí kò gbé Jọ́ọ̀sì rí lè sọ pé, ìlú ẹ̀fọ́ mà ni, Fárín Gádà wà níbẹ̀, kí lẹ tún ń wá nínú grínháùsì? Òótọ́ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tòmátì máa ń kún Fárín Gádà débi pé àwọn tó kó o wá á máa bẹ ènìyàn kó wá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò dé ná. Orí òkè la wà, a fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ, òjò ibí sì ń mú òtútù dání. Láti oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kẹwàá ni omi ń bọ́ sílẹ̀, nígbà mìíràn yìnyín á tẹ̀ lé e. Àrùn kan wà tó fẹ́ràn irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, late blight ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó rí àmì dúdú lórí ewé bí ìgbà tí omi gbígbóná dà sí i, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo ẹbè ti rọ. Àrùn yìí kan náà ló ń pa Áírìṣì, Áírìṣì sì ni gbogbo àdúgbò ń gbìn, nítorí náà atẹ́gùn kàn ń gbé e láti oko ẹnì kan dé oko ẹlòmíràn ni. Bí ewé kò bá tutù, àrùn náà kì í rí ibi dúró sí. Gbogbo iṣẹ́ tí ọ̀rá ń ṣe kò ju ìyẹn lọ: kí òjò má kan ewé.

Ọ̀kan nínú wa ń se oúnjẹ tà. Ẹ̀yin náà rántí 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ tòmátì run ní Kàdúná, Kánò àti Kàtíńà, tí tòmátì di ohun tí a ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyin. Láti ọdún yẹn ni kò ti fọkàn tán ọjà mọ́. Ọbẹ̀ kò ṣeé dá dúró, oníbàárà kò sì fẹ́ gbọ́ ìtàn. Tòmátì inú agolo ló fi ń lú u, owó agolo náà sì ń gba èrè ọwọ́ rẹ̀ lọ. Torí rẹ̀ la ṣe kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Wàyí o, ilé tí a ń gbé kì í ṣe tiwa. Ẹ̀yìnkùlé wà, ó fẹ̀, ṣùgbọ́n onílé ló ni ín. Ọmọ Bíróòmù ni bàbá náà, àgbàlagbà tó níwà, kò fìgbà kan pariwo lé wa lórí. Nígbà tí a lọ bá a pé a fẹ́ kọ́ nǹkan kékeré sẹ́yìn ilé fún ẹ̀fọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: ṣé ẹ ó fi sìmẹ́ǹtì sí i? Ẹni tó bá ń gbé ìlú mìíràn lè má mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè yẹn. Àwa tí a wà níhìn-ín mọ̀ ọ́n. Ní ìlú tí ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀, ta ni àlejò, ti da ìgboro rú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù ní ohun tó ń sọ. Ó ń sọ pé mo ti dé, n kò lọ mọ́. Pákó kì í sọ bẹ́ẹ̀. A ní rárá, bàbá, pákó ni, ọjọ́ tí ẹ bá ní ká kó o, à á tú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Ìyẹn ti ìta nìyẹn. Ti inú ilé le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tó ti sá kúrò ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹsàn-án 2001, ó lọ sí Ọ̀fà, ó padà. Ní oṣù Kọkànlá 2008 ó tún sá, ó tún padà. Nígbà tí a ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan dá owó, màmá kò dáhùn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní fi kọ́bọ̀ òun sí ohunkóhun tí kò ṣeé gbé sẹ́yìn ọkọ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ òun ló bá òun dé Ọ̀fà, ilé ìtajà kò bá òun lọ. Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa fẹ́ jiyàn pé ìlú ti rọlẹ̀, a ní kí wọ́n fi ẹnu wọn sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ màmá yìí la fi yàwòrán. A ní kò ní sí ìṣó kankan nínú ìpìlẹ̀ náà, bóòtù àti síkúrù nìkan. Kò sì ní sí igi tó wúwo ju ohun tí ènìyàn méjì lè gbé lọ. Súpánà kan, wákàtí kan, kó di ẹrù. Màmá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó dá owó tirẹ̀, ó tún fi díẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn. Ẹ má ṣe rò pé a kàn pe nọ́ńbà náà ni o. Pákó ọjà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí ẹ bá ra pákó 2 by 6 mẹ́ta, méjì á lọ sí ẹ̀gbẹ́ gígùn láìgé wọn, ẹ ó gé ìkẹta sí méjì ọgbọọgba fún orí àti ìdí. Kò ní ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ìbú ẹsẹ̀ bàtà 8, pákó mẹ́rin ni yóò rà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin á sì ṣẹ́kù lára méjì. Iyekíye tí pákó ń jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka èyí (a kò ní kọ owó o, nítorí owó pákó ní oṣù tó kọjá ti di ìtàn), iye pákó ni kí ẹ dì mú.

Fún èèkàn tí yóò wọlẹ̀, 2 by 4 méjì ló tó, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 náà ni. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó gé èèkàn mẹ́rin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì á kù. Ẹ gé ìyókù yẹn sí méjì-méjì, ó di ègé mẹ́rin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ilé náà ní, ègé kọ̀ọ̀kan á dábùú kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó má baà máa mì. Nígbà tí ìṣirò yìí jáde lórí bébà, inú wa dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Kàtàkó la ti ra 2 by 6. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Haúsá mọ̀ pé pákó gan-an ni katako túmọ̀ sí, orúkọ ọjà àti orúkọ ọjà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ bára mu. Ọkùnrin tó tà á fún wa ní láti ìsàlẹ̀ Gúúsù ni lọ́rí ti gbé e wá. Ọ̀kan nínú wa fọwọ́ gbá pákó náà, ó ní, ìwọ náà ò, àtìpó bíi tiwa. Ẹ mú téèpù dání bí ẹ bá ń lọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní 2 by 6, ẹ wọ̀n ọ́n, kì í sábà pé 2, kì í sì í pé 6. Ìyẹn kò burú bí gbogbo wọn bá rí bákan náà. Ohun tó burú ni kí ọ̀kan jẹ́ íǹṣì márùn-ún, kí èkejì jẹ́ mẹ́fà. Ẹ gbé ojú sí orí pákó bí ẹni ń yìnbọn, kí ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta arère fún yín fún iṣẹ́ ilẹ̀. Igi tó rọ̀, tó funfun, tó fúyẹ́ ni arère, ó dára fún sílìǹ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ilẹ̀ tútù, jíjẹrà ni. Ìrókò ni ọba níbẹ̀, owó rẹ̀ ni kò jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Igi líle pupa kan tó rẹlẹ̀ sí i lówó la mú.

2 by 4, a kò ra tuntun. Ilé àtijọ́ kan ni wọ́n ń wó ládùúgbò, igi òrùlé rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ti gbẹ láti ọdún gbọọrọ, kò sí bí yóò ṣe tún tẹ̀ mọ́. Ẹ fa ìṣó ara rẹ̀ yọ dáadáa kí ẹ tó fi ayùn kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eyín ayùn lẹ ó san.

Ilẹ̀ ló kàn. Ẹ fi okùn àti igi pẹ́pẹ́pẹ́ mẹ́rin na ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 12. Lójú, gbogbo rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó gún. Ẹ má gba ojú gbọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n láti kọ̀rọ̀ sí kọ̀rọ̀ ní ìdábùú: ẹsẹ̀ bàtà 13 àti íǹṣì 5 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ìdábùú kejì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ilé yín ti yí, ọ̀rá kò sì ní jókòó lórí rẹ̀ láéláé. A pààrọ̀ èèkàn kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí okùn náà ká, íǹṣì 8 ní fífẹ̀, íǹṣì 4 ní jíjìn, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀. Bárò mẹ́rin ló tó. Òkúta kò wọ́n wa ní Jọ́ọ̀sì, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àwọn ìyá tó ń fọ́ ọ lẹ́bàá ọ̀nà á tà á fún yín ní bárò-bárò. Òkúta yìí ni ìpìlẹ̀ tòótọ́. Pákó kò gbọ́dọ̀ sùn lórí yẹ̀pẹ̀. Bí omi bá dé abẹ́ rẹ̀, àárín òkúta ni yóò gbà lọ. Bí ikán bá ń gòkè bọ̀, yóò ní láti kọ́ ojú ọ̀nà alámọ̀ rẹ̀ síta, ojú yín á sì tó o.

Láti mọ̀ bóyá orí òkúta tẹ́jú, a kò ra irinṣẹ́ kankan. Rọ́bà tó mọ́ gaara, bíi mítà mẹ́wàá, ni a bu omi sí, bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe. Ènìyàn kan di etí rẹ̀ mú ní kọ̀rọ̀ kan, ènìyàn kejì ní kọ̀rọ̀ kejì, ibi tí omi bá dúró sí níhìn-ín náà ló dúró sí lọ́hùn-ún. Omi kì í purọ́. Ẹ kàn ṣọ́ra kí afẹ́fẹ́ má há sínú rẹ̀, òun ló ń ba ìwọ̀n jẹ́.

Ọ̀rọ̀ èèkàn wá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Káfíńtà tó bá wa ṣe é, bàbá wa kan láti Ìkìrun, ní ká ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù óìlì lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ká fi kun gbogbo igi, pé ohun tí àwọn ń ṣe láti kékeré nìyẹn, ikán kò ní sún mọ́ ọn. Kò parọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n óìlì tó ti jáde nínú ẹ́ńjìnnì ti ru ìdọ̀tí irin àti oríṣiríṣi májèlé jáde, oúnjẹ tí a fẹ́ jẹ sì ni yóò máa hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa obìnrin ilé ní a kò gbà. Bàbá ní ṣé ẹ fẹ́ kí ikán jẹ ẹ́ ni? A ní, bàbá wa, ẹ máà bínú, bí ikán bá jẹ èèkàn, a ó gé òmíràn, ṣùgbọ́n ikùn ọmọ kò ṣeé gé òmíràn. Ó pòṣé, ó sì bá wa dáná. A ti ìdí èèkàn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bọná títí ara wọn fi dúdú, bí àwọn baba wa ti ń ṣe sí òpó ọgbà. A fi ọ̀rá àtijọ́ bo inú pákó kí yẹ̀pẹ̀ má kàn án. Àwọn tòmátì náà, inú àpò la gbìn wọ́n sí, èyí tún gbà wá lọ́wọ́ àrùn inú ilẹ̀. A kò sọ pé ikán kò ní dé o. Ikán á dé. Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àwọn ọmọ máa ń yí i ká láti wá ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹni tó bá rí i ń gba bisikíìtì.

Bí èèkàn ṣe dúró nìyí: íǹṣì 18 wọlẹ̀, íǹṣì 6 bá pákó mu, íǹṣì 6 tó kù yọ sókè, ara rẹ̀ la so páìpù mọ́. Mẹ́rin wà ní kọ̀rọ̀, nínú ni wọ́n wà kì í ṣe níta. Méjì-méjì wà lára ẹ̀gbẹ́ gígùn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin síra wọn. Ilẹ̀ ibí kún fún òkúta, díga la fi lu ihò kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko nìyẹn, ọwọ́ àwọn ọkùnrin bó. Bóòtù oníǹṣì 5 méjì-méjì ló di èèkàn kọ̀ọ̀kan mọ́ pákó gígùn, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Ẹ fi wásà sí i lójú méjèèjì kó má baà rì sínú igi. Pákó orí àti ti ìdí, síkúrù ńlá tí a ń fi súpánà yí ló dì wọ́n mọ́ èèkàn kọ̀rọ̀, méjì-méjì. Ẹ fi gírísì ra gbogbo bóòtù kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe fún òní, ó wà fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u. Òjò kan ti tó láti mú kí nọ́ọ̀tì gbẹ̀ mọ́ bóòtù bí ẹni jó o pọ̀.

Ti òkè kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páìpù mẹ́rin tí a tẹ̀ bí ọrun, ọ̀kan gbọọrọ tó so wọ́n pọ̀ lórí, ọ̀rá lórí wọn, nẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé. Ẹ ra ọ̀rá grínháùsì gidi tí oòrùn kì í tètè jẹ. Ọ̀rá lásán kì í pẹ́ kó tó máa fọ́ sí wẹ́wẹ́. Etí ọ̀rá, ẹ má kàn án mọ́ pákó bẹ́ẹ̀. Ẹ wé e mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó fi síkúrù di igi náà mọ́ pákó. Bí ìṣó nìkan ló bá di ọ̀rá mú, atẹ́gùn á fà á ya láti ojú ihò náà.

Nípa atẹ́gùn, ẹ jẹ́ ká sọ èyí. Agbòjò ńlá ni grínháùsì. Gbogbo ẹni tó ti fi agbòjò rìn nínú ìjì mọ ohun tó ń wá: ó ń fẹ́ lọ sókè. Kì í ṣe pé ilé náà ń wúwo sílẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ń gbé, pé kò fò lọ ni ìpìlẹ̀ ń dì mú. Ní oṣù Karùn-ún tó kọjá, ìjì kan jà lálẹ́ tó ká páànù ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa. Aládùúgbò wa kan ní irú ilé ọ̀gbìn yìí, igi rẹ̀ dára, ọ̀rá rẹ̀ dára ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ lásán ni wọ́n ti páìpù rẹ̀ bọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orí òrùlé ilé kejì sí tirẹ̀ ló wà. Tiwa ya ní kọ̀rọ̀ kan, ó sì tẹ̀ díẹ̀ lókè. A fi téèpù rúbọ̀ọ́ sí ibi tó ya. Pákó kò kúrò níbi tí ó wà, bóòtù kan kò tú. Màmá ló kọ́kọ́ jáde lọ wò ó, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí a bá a níbẹ̀, ó ń fọwọ́ mi èèkàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìkórè? A kò ní pa irọ́ fún yín, kò tíì tó ohun tí a fi ń pa iléeṣẹ́ agolo run. Ṣùgbọ́n láti oṣù Keje títí di ìsinsìnyí, ìyá olóúnjẹ wa kò ra tòmátì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, àwọn ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń jẹ níbẹ̀. Rodo méjìlá tí a tì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà so ju bí a ti rò lọ, a ti ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Onílé wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó yí i ká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó wo bóòtù dáadáa. Ó ní ṣé òótọ́ ni pé ó ṣeé tú? Màmá dá a lóhùn ní Haúsá pé wákàtí kan péré ni. Bàbá mi orí, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ òun wá wọn gígùn rẹ̀, òun náà fẹ́ ṣe ọ̀kan sẹ́yìn ilé òun. A ti fún wọn ní bébà tí a fi ṣírò pákó. Súpánà 13 náà ṣì wà lórí èékánná lẹ́yìn ilẹ̀kùn màmá, kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó kásẹ̀ nílẹ̀, rọ́bà omi wà lọ́wọ́ wa, díga náà wà. Ẹ wá yá a, ṣùgbọ́n ẹ dá a padà o. Ẹni tó yá bárò wa láti oṣù Kẹfà, ẹ mọ ara yín.